Abọ́ Ẹ̀fọ́ Tí Mo Fi Ń Tọ́jú Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tí ojú mi rí ní Padova, ní Italy níbí, fún yín. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Àìmọye ìgbà ni mo ti kọ ọ́ tí mo tún pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ á rántí àwọn fọ́tò oúnjẹ tí mo máa ń gbé síbí nígbà òtútù. Abọ́ ńlá, ewé tútù, ẹlẹ́gédé, ẹ̀wà, ọsàn lórí. Ẹ ò yéé bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé e jáde mọ́. Ó dáa, ìdí rẹ̀ rèé. Kò dùn ún gbọ́ o.

Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ ni mò ń ṣe, ní cooperativa kan, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀, lẹ́yìn ìlú, níbi tí a ti ń tún radicchio ṣe kó tó lọ sọ́jà. Ewé pupa kan ni, ó máa ń korò díẹ̀, inú òtútù gan-an ló sì máa ń dára jù. A ó gé gbòǹgbò rẹ̀, a ó bó ewé ìta tó ti jẹrà dànù, a ó wá ṣàn án nínú omi tó tutù débi pé ìka èèyàn á kú. Ìbọ̀wọ́ wo? Ìbọ̀wọ́ ò ran nǹkan kan! Èyí tó bá ṣẹ́ tàbí tó kéré jù, ọ̀gá á ní ká pín in láàárín ara wa. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ẹrù wá náà máa ń fún wa ní spinaci, tó jọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wa, àti cavolo nero, ẹ̀fọ́ dúdú kan tó le bí awọ. Bí ilé mi ṣe máa ń kún fún ewé nìyẹn, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Ìyá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, Franca, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní ẹ̀fọ́ tí mò ń sè, mò ń sè é pa ni. Kí n gé cavolo nero wẹ́wẹ́, kí n da iyọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti òróró ólífì sí i, kí n wá máa fọwọ́ fún un bí ìgbà tá à ń fọ ewúro, títí táá fi rọ̀. Kí n bọ farro, ọkà kan tó jọ àlìkámà, kí n tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ abọ́. Kí n yan ẹlẹ́gédé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀wà, radicchio, ọsàn tí a gé, àti noci tó jọ asálà wa lókè rẹ̀. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí n máa jẹ ewé tútù, ṣé ewúrẹ́ ni mí? Àmọ́ mi ò ní purọ́, ó dùn! Ó sì ń yó èèyàn dáadáa.

Oṣù kọkànlá yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Délé, wá bá mi gbé. Àwọn ni wọ́n mú mi wá sí Italy. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Pordenone, nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fìríìjì, àmọ́ iṣẹ́ dínkù, àwọn ọ̀gá sì ní kí àwọn kan, tó fi mọ́ Bọ̀ọ̀dá, lọ máa sinmi nílé. Mo ní kí wọ́n má dá jókòó, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ èmi àti Símisọ́lá ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Símisọ́lá nígbà yẹn.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún wọn, mo kígbe! Wọ́n ti rù, ojú wọn funfun. Mo bi wọ́n ohun tó ṣe wọ́n, wọ́n ní òtútù ni, àti iṣẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ mí, èmi kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dínkù lára wọn ni? Wọ́n wá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí dókítà sọ nìyẹn. Oògùn kékeré kan tí wọ́n ń gbé mì ní ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní fítámì ni.

Ó tán! Kí ni Yorùbá máa ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dínkù? Ṣebí ẹ̀fọ́ ni! Nígbà tí ibà bá ṣe wá ní kékeré, ìyá wa á fún ewé ùgwú, wọ́n á po omi rẹ̀ mọ́ mílíìkì, wọ́n á ní ká pa imú dé ká gbé e mu. Mo ní Ọlọ́run ló ṣètò ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀fọ́ kún ilé mi, ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo tún ń wá?

Láàárọ̀, mo máa lọ spinaci mọ́ ọsàn fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, abọ́ ńlá. Gbogbo ọjọ́! Mo jẹ́ kí ewé borí ọkà, mo tún ń bù kún un. Bọ̀ọ̀dá máa ń fi fọ́ọ̀kì ti ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, kí wọ́n lè jẹ ẹ̀wà àti ẹlẹ́gédé. Èmi náà á dúró lé wọn lórí bí tíṣà. Mo ní kí wọ́n má ṣe bí ọmọdé, ṣé wọn ò fẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ lára ni? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ìyá Eléwé, o fẹ́ sọ mí di ewúrẹ́!” Wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Mo ya fọ́tò wọn níjọ́ kan, wọ́n gbé fọ́ọ̀kì sókè, ewé ń yọ lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin gan-an fẹ́ràn fọ́tò yẹn, ẹ rántí?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà, lẹ́yìn ọdún tuntun. Wọ́n gbé abọ́ síwájú, wọn ò jẹun. Wọ́n ní, “Bíọ́lá, ṣé kò ní dáa ká dín ewé yìí kù?”

Mo ní nítorí kí ni?

Wọ́n mú fọ́ọ̀kì wọn. Wọ́n wá ní, “Kò sí nǹkan kan.”

Kò sí nǹkan kan! Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn létí mi ju bó ṣe yẹ lọ láti ọjọ́ náà. Ká ní mo jókòó, ká ní mo fà á lẹ́nu wọn. Èmi tí mò ń fa ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn lẹ́nu wọn!

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìyẹn, a ń jẹun lọ́wọ́. Fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n fẹ́ mú un, ọwọ́ ò gbéra. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré. Símisọ́lá ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, “Mamma, lo zio parla strano,” pé ọ̀rọ̀ ẹnu Bọ̀ọ̀dá ń ṣe bákan. Lóòótọ́ ni, ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Italian, kì í ṣe èdè kankan. Ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo pariwo Jésù. Ọmọ yẹn ló tẹ 118, nọ́ńbà pàjáwìrì ilé ìwòsàn, òun ló sọ àdírẹ́sì wa fún wọn, torí Italian ti fò lọ lórí mi pátápátá.

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan bi mí irú oògùn tí wọ́n ń lò. Mo ní fítámì. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ó ní kí n lọ mú ìwé ìdánimọ̀ Bọ̀ọ̀dá wá nílé. Aládùúgbò mi kan fi mọ́tò gbé mi lọ.

Inú báàgì wọn ni mo ti bá a, nínú àpò tó ní síìpù. Páálí oògùn kan àti ìwé kékeré kan tí orúkọ wọn wà níwájú rẹ̀. Inú ìwé náà ni wọ́n ń kọ àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn sí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ mi ni. Residenza wọn, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ ibùgbé wọn, ṣì wà ní Pordenone, dókítà wọn wà níbẹ̀, wọn ò sì wá ẹlòmíì ní Padova. Mo ṣí ìwé náà dé ẹ̀yìn. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Spinaci. Cavolo nero. Broccoli. Radicchio. Wọ́n kọ ọ́ lábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá ń lo oògùn yìí ò gbọ́dọ̀ ṣàdédé fi kún èyí tó ń jẹ nínú wọn láìsọ fún dókítà.

Mo gbé ìwé náà fún dókítà. Ó kà á, ó bi mí bóyá oúnjẹ wọn yí padà láìpẹ́ yìí. Mo kàn ṣí fóònù mi, mo gbé e fún un. Ó ń fi ìka wọ́ fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Abọ́, abọ́, abọ́. Àwọn fọ́tò tí mo fi ń ṣe fáàrí fún yín! Nígbà tó dé ibi tí Bọ̀ọ̀dá ti gbé fọ́ọ̀kì sókè, ó dá fóònù padà fún mi.

Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkàn Bọ̀ọ̀dá kì í lù déédéé, nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni wọ́n ti mọ̀. Oògùn náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ara wọn. Ohun kan sì wà nínú ewé wọ̀nyẹn tó máa ń sọ agbára oògùn náà dòfo. Ká ní wọ́n ń lọ fún àyẹ̀wò ni, wọn ì bá tètè rí i, wọn ì bá sì tún oògùn náà ṣe. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti lọ dí ọ̀nà nínú ọpọlọ wọn. Rọpárọsẹ̀. Ó ní ewé ò lẹ́bi, èmi náà ò sì mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ló fún ewé náà, ọwọ́ mi yìí ló bù ú.

Kí ló dé tí wọ́n fi pa á mọ́? Ìbéèrè tí mò ń bi ara mi nìyẹn, títí ọ̀rẹ́ wọn kan ní Pordenone fi pè mí. Ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Mo bínú sí i, mo ní kí ló dé tí òun mọ̀ tí èmi ọmọ ìyá wọn ò mọ̀? Ó ní kí n má bínú. Ó ní Bọ̀ọ̀dá sọ pé tí Bíọ́lá bá fi lè gbọ́, ilẹ̀ ò ní ṣú tí màmá máa fi gbọ́ nílé, ẹ̀jẹ̀ ríru màmá á sì gbé wọn lọ.

Mi ò lè jiyàn. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀ pé Rédíò lẹ̀ ń pè mí, ẹnu mi ò ní ìjánu. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn, oyún bàjẹ́ lára àbúrò wa obìnrin nílé, Bọ̀ọ̀dá sì sọ fún èmi nìkan. Mo gbé e sórí WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì pé ká bá a gbàdúrà. Ire ni mo rò! Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn àna rẹ̀ ní Ìbàdàn ti gbọ́. Bọ̀ọ̀dá ò bá mi jà. Wọ́n kàn kọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ta ni yóò sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tí yóò fi ṣe ìkéde?

Bọ̀ọ̀dá ti wà nílé báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. A ti gba dókítà síbí fún wọn, mo sì ń bá wọn lọ gbogbo àyẹ̀wò. Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ̀fọ́ o, ìwọ̀nba kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí dókítà ṣe là á sílẹ̀. Èmi ni mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Tí mo bá ti rí cavolo nero níbi iṣẹ́, màá tì í sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ ò padà sẹ́nu wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, “ó tì”. Ẹ fún wọn lómi, “ó tì”, wọ́n á sì gbà á mu. Ẹ ní ẹ káàárọ̀ sà, “ó tì”. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò rí sọ sí abọ́ mi fún odindi oṣù méjì, òun nìkan ló ṣẹ́kù fún wọn láyé yìí. Mo máa ń wọ balùwẹ̀ lọ sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo oògùn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́únjẹ fún yín mọ̀. Ẹ má pè é ní fítámì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbọ́únjẹ, ẹ̀yin abánigbàdúrà bíi tèmi, ẹ ṣọ́ ẹnu yín kí àwọn èèyàn yín lè fọkàn tán yín. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé tiyín rí? Ta ló fi àìsàn pamọ́ fún yín, kí sì ni ẹ ṣe tó fi pa á mọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Tó bá jẹ́ àṣírí ẹlòmíì, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi náà ti tọrọ. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí Bọ̀ọ̀dá létí láti òkè délẹ̀, mo bi wọ́n pé ṣé kí n gbé e jáde. Wọ́n ní “ó tì”. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú “ó tì” wọn mọ́. Nítorí náà, mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́ òsì, mo fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè jáde hàn wọ́n, mo sì kúrò nínú yàrá. Tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, àwọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.