Ìbọn tí Daud Kọ̀ láti Dẹ̀ fún Bádéjọ

Daud Ọbádáre kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn tó ń gbé ìbọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún àtúnṣe ní Tinley Park sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Yàrá tóóró kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni ibùjókòó rẹ̀. Gíláàsì kan á wà lójú rẹ̀, òmíràn á wà lórí rẹ̀, rédíò kékeré á máa kùn lábẹ́ tábìlì. Juliana, òyìnbó opó tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan tírígà, ìyẹn irin tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Bí oníbàárà bá ní tírígà òun le, tàbí pé ó ń họ bí ìgbà tí wọ́n wọ́ irin lórí iyanrìn, Juliana á nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, á ní Mr. Daud ni kí ó lọ rí.

Ọmọ Ṣakí ni Daud. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ìbọn ṣakabùlà ló sì ń rọ fún àwọn ọdẹ. Nígbà tí Daud wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ọdẹ kan gbé ìbọn wá pé ó le jù, kí bàbá bá òun dẹ̀ ẹ́. Bàbá fá irin inú rẹ̀ títí ó fi rọ̀ bí ọdẹ náà ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọdẹ fi ìbọn ti ògiri nínú ilé, ìbọn yọ̀, ó ṣubú, ó sì dún fúnra rẹ̀. Ìyàwó ọdẹ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò gbé obìnrin náà dé ọsibítù kó tó kú. Kò sẹ́ni tó dá bàbá Daud lẹ́bi. Ọdẹ náà pàápàá wá jókòó sí àgbẹ̀dẹ, ó ń sunkún, ó ní òun lòun ní kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọkọ́ àti àdá nìkan ni bàbá ń rọ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọdún 1999 ni Daud dé Chicago. Òun àti Muminat ìyàwó rẹ̀ gba yàrá kan ní Rogers Park, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń mi fèrèsé wọn láàárọ̀ lálẹ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ṣe, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tí kò nípọn tó irun orí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ti ìlẹ̀kùn, ọkọ Juliana, tó ṣì wà láyé nígbà yẹn, ní kó wá bá òun. Daud kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀ nítorí bàbá rẹ̀. Ó wá rò ó pé bóyá ẹni tó mọ ohun tí tírígà tó rọ̀ jù lè ṣe ló yẹ kó máa ṣe é.

Àjà kejì ilé Rogers Park yẹn ni Bádéjọ àti ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́níkẹ́, ń gbé. Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni Bádéjọ, ilé àwọn arúgbó ló sì máa ń lọ láti tọ́jú wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ti Daud ṣe kéré, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọwọ́ ara wọn. Kódà nígbà tí Daud kó lọ sí Richton Park, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan kì í pe èkejì.

Bàbá òyìnbó kan tí Bádéjọ tọ́jú fún ọdún mẹ́rin ló kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn. Nígbà tí bàbá náà kú, ó fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún un: ìbọn lífà àtijọ́, èyí tí wọ́n ń ti irin abẹ́ rẹ̀ síwájú tí wọ́n tún ń fà á padà kí ọta tuntun tó wọlé. Láti ìgbà náà, bí Nòfẹ́ńbà bá dé, Daud àti Bádéjọ á wa ọkọ̀ lọ sí Wisconsin láti dọdẹ àgbọ̀nrín. Bádéjọ ló ń yìnbọn. Bí ẹran bá ṣubú tó sì ṣì ń mí, Daud á sáré tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ àti bísímílà, kí ilé méjèèjì lè jẹ nínú rẹ̀. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bádéjọ. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sípò, ohùn rẹ̀ padà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún kò padà tán. Ó lè di síbí mú, ó lè fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí agbára nínú ìka.

Ní oṣù kẹfà ló gbé ìbọn náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Daud fi ìwọ̀n kékeré kọ́ tírígà, ó fà á. Agbára pọ́ùn mẹ́fà àbọ̀ ló ń gbà kó tó já.

"Kò lè ṣe é ṣe fún mi," ni Bádéjọ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo gbìyànjú nílé láìsí ọta níbẹ̀. Mo fà á títí, àfi bí ẹni pé mo ń fa màlúù."

Daud ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọjọ́ méjì. Ó tú u, ó fọ òróró àtijọ́ tó ti dì kúrò, ó fi sípíríngì tó rọ̀ díẹ̀ rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ó sì fi òkúta ìpọ́n dán àwọn ibi tí irin ti ń họ irin. Nígbà tó tò ó padà, pọ́ùn mẹ́rin ni, ó sì já geere bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà.

Bádéjọ gbé e sí èjìká. Ó fà á. Ìbọn náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ìbọn ń lọ sókè sódò kí òòlù ẹ̀yìn rẹ̀, irin tó ń lu ìdí ọta, tó já.

"Ó ṣì le," ló wí. "Sọ ọ́ di méjì."

"Mi ò lè sọ ọ́ di méjì."

"O lè ṣe é. O ò fẹ́ ni."

Daud bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó lọ mú ìbọn lífà míràn lórí àgbékọ́, tuntun, ó tẹ́ àwọn méjèèjì síra lórí tábìlì. Ó fi ìka hàn án. Ti àtijọ́, òkè ni èèpo ọta tí wọ́n ti yìn ń gbà fò jáde, kò ṣe é gbé awò, ìyẹn gíláàsì tó ń fa ohun ọ̀nà jíjìn súnmọ́ ojú, lé lórí. Ti tuntun, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, awò á jókòó síbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n á sì ríran dáadáa. Inú páìpù abẹ́ ni ọta ti ń to tẹ̀lé ara wọn nínú méjèèjì, ìyẹn ni kò fi gbọdọ̀ jẹ́ olórí ṣóńṣó, kí ọ̀kan má baà gún ìdí èkejì. Níbẹ̀, wọ́n dọ́gba. Àmọ́ ti tuntun ní bọ́tìnnì kan tó ń dá òòlù dúró, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá yọ̀ pàápàá, òòlù kò ní kan ọta. Ti àtijọ́ kò ní nǹkan kan. Àtàǹpàkò ẹni ni wọ́n fi ń sọ òòlù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mú èyí," ni Daud wí. "Màá ṣe é fún ọ, á rọ̀, kò sì ní léwu."

"Ìbọn bàbá yẹn ni mo fẹ́."

"Bádéjọ, tírígà pọ́ùn méjì lórí ìbọn tí kò ní ìdènà, nínú ọkọ̀, nínú igbó, pẹ̀lú yìnyín nílẹ̀..."

"Ṣé torí pé ọwọ́ mi rọ lo ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọdé?"

Daud ì bá dákẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ló máa ń dákẹ́. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò dákẹ́.

"Ọwọ́ rẹ kò lè di òòlù yẹn mú mọ́," ló wí. "Bóyá ó ti tó àsìkò kí o fi igbó sílẹ̀."

Bádéjọ wò ó. Kò bínú lójú, ojú rẹ̀ kàn rẹlẹ̀ ni, bí ojú àwọn arúgbó tó máa ń tọ́jú. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ìbọn rẹ̀ sínú àpótí. Daud fẹ́ bá a tì í pa, Bádéjọ ní kó fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí àpótí náà tì, Daud sì dúró, ó ń wò ó.

Oṣù keje lọ, oṣù kẹjọ lọ. Fóònù kò dún láti ìhà kankan. Muminat kíyè sí i, ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Firdaus, ẹ pe ọ̀rẹ́ yín."

"Màá pè é ní Sátidé."

Sátidé á dé, Daud á bá nǹkan ṣe. Ó ń dúró kí inú Bádéjọ rọ̀ díẹ̀. Ó tún ń dúró, bó bá fẹ́ sọ òótọ́, kí Bádéjọ kọ́kọ́ pè kí ó sì gbà pé òun Daud ló jàre.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù kẹwàá, Muminat pè é síbi iṣẹ́. Kì í pè é síbi iṣẹ́. Ó ní àrùn náà tún kọlu Bádéjọ láàárọ̀ nínú balùwẹ̀, wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ. Daud gbé fóònù kalẹ̀. Ìbọn oníbàárà kan wà ní títú lórí tábìlì níwájú rẹ̀, kò sì rántí bí wọ́n ṣe ń tò ó mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀rẹ́ olóògbé wá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wẹ̀yìn, wọ́n ń wá a, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Olúwabùkúnmi, ọmọbìnrin Bádéjọ, gbé àpótí ìbọn náà wá sí Tinley Park. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, Chicago ni wọ́n bí i sí, ó sì ní káàdì àṣẹ ìbọn tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Daud.

"Uncle, ẹ káàárọ̀ sà. Mummy ò fẹ́ kó wà nílé mọ́. Màá fi sọ́dọ̀ mi, but I want you to check it first."

Daud ṣí i. Ó yẹ inú rẹ̀ wò, kò sí ọta. Ó ti lífà síwájú, ó fà á padà gírí, bí Bádéjọ ṣe máa ń ṣe. Kò tíì gbé ìka lé tírígà rárá tí òòlù fi já wálẹ̀: tak. Ó tún un ṣe. Ó tún já. Nígbà tó tú u, ó rí i pé wọ́n ti fi fáìlì fá ibi tó ń dá òòlù dúró, wọ́n fá a wọ́gọwọ̀gọ, ó ku bí èékánná ọmọ ọwọ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ọkùnrin kan ní Indiana. Daddy ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín, pé ẹ ò ráyè, òun ò sì fẹ́ dà yín láàmú."

Daud jókòó. Ó ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Bádéjọ kò sọ fún wọn nílé pé àwọn jà. Ó ti purọ́ láti bo Daud láṣìírí, kí ọmọ má baà rí i bí ẹni burúkú.

"Bùkúnmi, mo ráyè," ni Daud wí. "Ó gbé e wá, mo kọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí kò dáa. Mi ò sì pè é mọ́."

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́, ó gbé e lé apá Daud, ó fi í síbẹ̀.

Irin tí wọ́n ti fá kò ṣe é dá padà. Daud kọ̀wé ránṣẹ́ fún òòlù àti tírígà tuntun, ó fi wọ́n sí i, ó sì fi sílẹ̀ ní pọ́ùn márùn-ún. Ó ti lífà rẹ̀ síwájú, ó fà á padà gírí nígbà àádọ́ta, ó fi òòlù onírọ́bà gbá ìdí ìbọn, òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ kò já. Bó ti ń ṣe é, ó ń rò ó pé ká ní Bádéjọ wà láyé di Nòfẹ́ńbà, inú igbó Wisconsin ni ìbọn yìí ì bá ti dún fúnra rẹ̀. Ó jàre. Ìjàre náà kò sì wúlò fún un. Ká ní ó ti sọ pé, "Wá, jẹ́ ká jọ rò ó," bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì bá tí lọ sí Indiana, bóyá wọn ì bá ti jọ jẹun lẹ́ẹ̀kan sí i kí ikú tó dé.

Nígbà tí àkókò ọdẹ bẹ̀rẹ̀, kò lọ sí Wisconsin. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Richton Park, ó tún wọ Red Line lọ sí Rogers Park. Ọmọ́níkẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì gbé tíì síwájú rẹ̀. Daud jẹ́wọ́ fún òun náà.

"Mo mọ̀," ni Ọmọ́níkẹ́ wí. "Ta lẹ rò pé ó ń tàn? Ó máa ń gbé fóònù, á wo orúkọ yín, á tún gbé e kalẹ̀. Mo ní kó pè yín. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pe òun."

Daud bo ojú rẹ̀.

"Hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa ń sùn sí ní Wisconsin pè mí lánàá," ni Ọmọ́níkẹ́ tún wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ò tíì dé. Ọkọ mi ti gba yàrá sílẹ̀ níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án. Bẹ́ẹ̀dì méjì."

Nígbà tó ń lọ, Ọmọ́níkẹ́ di ìrẹsì sínú kúlà fún Muminat, Daud sì gbé e dání sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀.