Ọwọ́ Tó Kú Lórí Háńdù

Orí ọmọ le, ìdí ọmọ rọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, òun ni mo sì fi ń jẹun láti nǹkan bí ogún ọdún. Bí aboyún bá dùbúlẹ̀ níwájú mi, màá tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, màá wá ohun tó le, tó rí roboto, tó máa ń yẹ̀ díẹ̀ bí a bá tì í. Bí mo bá bá a níbẹ̀, orí ni, ọmọ ti kọjú sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ ohun rírọ̀ ni mo bá, ìdí ló fẹ́ fi wáyé, ìyá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ bímọ sí ọsibítù ńlá, kó má dúró sí abúlé rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú kò sí lọ́dọ̀ wa. Ìka mi ni ẹ̀rọ.

Moniya ni mo ń gbé. Ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lọ́nà oko, mo sì tún ń lọ sí abúlé méjì mìíràn lọ́sẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà kì í fẹ́ gba ọ̀nà yẹn bí òjò bá ti rọ̀, bí wọ́n bá sì gbà, wọn kì í dúró dè mí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kadà rẹ̀ àtijọ́, tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn èèyàn ń wò mí bí mo ṣe ń kọjá nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, tí mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa wò. Ẹni tó bá níbi tó ń lọ kì í bá ará ọ̀nà fa ọ̀rọ̀.

Ọ̀kadà náà ti gbó, ó sì máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí mo bá ti bọ́ sórí ilẹ̀ pupa níbi tí òkúta ti yọrí, háńdù á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ́wọ́ mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi á kú, á máa jẹ mí wìnrìnwìnrìn, màá gbọ̀n ọ́n nù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì padà bọ̀ sípò. Nígbà tó yá, ó di pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó kí n tó lè fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Nígbà tó tún yá, màá jókòó títí, àtàńpàkò ọ̀tún àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e kò ní mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí. N kò fi bò.

Mo sọ fún ọkọ mi.

"Ìwọ lo ń dì í jù," ó ní. "Olè lo mú ni? Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ̀ lórí ẹ̀."

Inú bí mi. Mo bi í bóyá kí n fi ọwọ́ rírọ̀ wọ inú kòtò tó wà lẹ́yìn odò. Òótọ́ ló kúkú sọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí kòtò náà lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ mi á dì fúnra rẹ̀ kí n tó rántí ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Mo gbé ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, bàbá Mùsùlùmí kan tó ti ń tún máṣíìnì ṣe ní Moniya kí n tó di ìyàwó ilé níbẹ̀. Ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì tó tú le, ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó dín díẹ̀. Ó gé rọ́bà inú táyà, ó fi wé háńdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì títí ó fi ki. Ìyẹn tún wá burú jù, nítorí ó ki débi pé tipátipá ni ìka mi fi ń yí i ká. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí mo fi bíléèdì gé e dànù.

"Ó ku ẹyọ kan, Nọ́ọ̀sì," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká rọ yanrìn sínú háńdù yẹn. Páìpù tó bá ṣófo ló ń gbọ̀n báyẹn. Ẹ wá yanrìn tó kúnná, ẹ yan án nínú agbada kó gbẹ táútáú, ẹ gbé e wá."

Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ ọ́ nílé. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, Aládùúrà pọ́ńbélé ni wọ́n.

"Yanrìn wo?" wọ́n ní. "Èyí tí ewúrẹ́ tọ̀ sí? Ṣé ọwọ́ tí o fi ń gbẹ̀bí lo fẹ́ fi ìyẹn tún ṣe?"

Ọjọ́ kejì, wọ́n ti ilẹ̀ àánú bọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n sọgbà yí ká nínú ọgbà ìjọ wọn, tí wọ́n máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ̀ láti gbàdúrà. Wọ́n bu yanrìn níbẹ̀ kún agolo mílíìkì, àwọn alàgbà gbàdúrà sí i, wọ́n bu omi àdúrà lé e. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n gbé e fún mi tọwọ́tọwọ́.

Omi ń kán lára rẹ̀.

Mẹkáníìkì fi ìka kàn án. "Ó tutù, Nọ́ọ̀sì. Mo ní kẹ́ ẹ yan án." Mo sọ ibi tó ti wá fún un. Ó yọ ìka kíákíá. "Èmi ò ní fi iná sí ohun tí wọ́n ti gbàdúrà sí o."

Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni mí. Wọn kò kọ́ wa ní yanrìn. Síbẹ̀, mo dúró ti agbada gàrí mi nílé, n kò lè dà á sí i. Bí mo bá yan án, tí ọwọ́ mi kò sì san, ta ni n óò dá lẹ́bi? Ìyá ọkọ mi gbà pé ká sá a sóòrùn. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n tú u sí i. Nígbà tí adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká, wọ́n gbé agbòjò bò ó kí àwọn adìyẹ má baà tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì jókòó tì í títí dìrọ̀lẹ́. Abẹ́ agbòjò la ti sá yanrìn sóòrùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rọ ọ́ sínú háńdù. Apá òsì gba tirẹ̀, ó sì dì síbẹ̀. Apá ọ̀tún kò gbà, yanrìn tútù ti há sí i lẹ́nu. Mẹkáníìkì fi wáyà gún un títí, ó mi orí, ó dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì mi kò ní wàhálà mọ́. Ọ̀tún, tí mo fi ń yí iná ọ̀kadà kó lè sáré, tí mo sì fi ń wá orí ọmọ, ń kú bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀. Mo ní kí bàbá náà da yanrìn nù, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ọ́ìlì dúdú ti bò, ó ní, "Níbo la máa dà á sí?" Mo gbé ọ̀kadà mi padà sílé. Ìyá ọkọ mi sì ń bi mí láràárọ̀, "Ọwọ́ ńkọ́?" Màá ní, "Ó ti ń san, Màmá. Ẹ ṣé." Wọ́n á fi ìyìn fún Ọlọ́run, n óò gun ọ̀kadà mi.

Mo gbìyànjú láti máa fi ọwọ́ òsì ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ òsì mi kò lọ sí ilé ìwé yẹn.

Obìnrin kan wà ní abúlé tó jìnnà jù, ìyàwó àgbẹ̀, oyún rẹ̀ kejì. Mo tẹ ikùn rẹ̀, ìka mi kò mọ nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Àwọn aboyún tó kù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò mí. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó le wà níbẹ̀. "Orí ti wà nísàlẹ̀," mo ní, mo sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé n kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ìdí ọmọ ló sì yọ sí mi. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́, mo jókòó tì í, mo ń bẹ Ọlọ́run ní gbogbo ọ̀nà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Ìyá àti ọmọ yè. Nígbà tó padà dé, ó gbé káàdì tí mo kọ irọ́ sí dání, ó ń sọ fún gbogbo abúlé pé Nọ́ọ̀sì ló gba òun là, pé ẹlòmíràn ì bá dá òun dúró. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi.

Dókítà tí mo lọ bá ní Ìbàdàn ní kí n fi ọ̀kadà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ọwọ́ lè sinmi. Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi lọ́nà oko. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, pé kò sẹ́ni. Mo ṣì ń ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan dùbúlẹ̀ níwájú mi, oyún àkọ́kọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí.

"Ṣé orí ẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, Mà?"

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Ìka mi kì í mọ nǹkan mọ́. Wá bí o ṣe máa dé ọsibítù, kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò dáadáa."

Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Nọ́ọ̀sì! Ta ló máa gbé mi débẹ̀?" Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ò ní gba ọwọ́ yín lọ́wọ́ wa."

"Àmín!" ni gbogbo bẹ́ǹṣì dáhùn.

Ó wá di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó gbé e padà sórí ikùn rẹ̀, ó dijú, ó ń dúró kí n sọ fún un.