Omi Iyọ̀ Ló Wà Nínú Ìgò Náà

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọládùnní. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé e dé Enugu. Nígbà tó sìn tán, ilé-iṣẹ́ apòògùn kan ní Amechi gbà á, kò sì padà sílé mọ́. Òògùn afínsímú ni wọ́n ń gbìyànjú àtiṣe níbẹ̀, fún ẹni tí òògùn ìrora líle bá fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wà nílé ìwòsàn tipẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló lè gún abẹ́rẹ́ nínú ilé? Iṣẹ́ Ọládùnní ni kí ìgò òògùn náà máa fín bí ìrì, kó má máa kán. Omi iyọ̀ ló fi ń dán an wò.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ń sá aṣọ nílé rẹ̀ ní Ugwuaji nígbà tí Halimah, aládùúgbò rẹ̀, sáré wọlé láìwọ bàtà. Jẹjẹrẹ eegun ń ṣe Sírájúdéènì ọkọ rẹ̀, mọ́fíìnì olómi, òògùn ìrora líle kan, sì ni dókítà ní kó máa mu. Halimah ti fún un láàárọ̀ kó tó lọ sí ọjà New Market. Kó tó dé, ìrora le, ọkùnrin náà sì gbé ìgò òògùn dé ẹnu, ó mu ju ìwọ̀n lọ.

“Dúnní, kò jí. Mú ìgò tẹ́ ẹ ń ṣe yẹn wá.”

“Àǹtí mi, kò sí òògùn nínú rẹ̀. Omi iyọ̀ ni.”

“Ìwọ lo fi hàn wá nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá. O ní ó ń jí èèyàn.”

Ó já báàgì iṣẹ́ Ọládùnní, níbi tí àwọn ìgò náà wà, gbà, ó sì sáré padà. Kí Ọládùnní tó bá a, ó ti fín ìgò kan sí imú ọkọ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó tún fín in. Ètè Sírájúdéènì ti ń dúdú, èémí rẹ̀ kò sì fẹ́ jáde mọ́.

“Ẹ lọ pe kẹ̀kẹ́ márúwá, Àǹtí mi.”

Ọládùnní gbé orí Sírájúdéènì sẹ́yìn, ó dí imú rẹ̀, ó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Àyà rẹ̀ gbéra. Ó tún fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí wọ́n fi gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó sì ń ṣe é lọ lójú títì.

“Madam, e still dey breathe?” ni awakọ̀ bi í.

Ọládùnní tún fẹ́ èémí. Tó bá sọ̀rọ̀, èémí kan á fò.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún Sírájúdéènì ní abẹ́rẹ́ òògùn náà. Láìpẹ́ ó húkọ́, ó lajú. Bí ó ti ń jí ni ìrora rẹ̀ ń jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Halimah dijú.

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, Halimah ò kí Ọládùnní. Ó gbà pé Ọládùnní fi òògùn gidi pamọ́ ni. Sírájúdéènì fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un, lẹ́yìn tí dókítà ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé èémí tí Ọládùnní fẹ́ sí òun lẹ́nu ló gba ẹ̀mí òun là. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà Ọládùnní.

“Ìgbà wo ni òògùn yẹn máa jáde?”

“Mi ò mọ̀, Àǹtí mi. A ṣì wà lórí ẹ̀.”

Halimah súnmọ́ ọn.

“Ó dáa. Kọ́ mi bó o ṣe fẹ́ èémí sí i lẹ́nu.”