Súwẹ́tà Tí Ìyá Tọ́lá Tú

Àwọn èèyàn ayé ìsinyìí ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ mọ́. Ọmọ kú, wọn ò ní sọ pé ọmọ kú. Wọ́n á ní àwọn “lose” ọmọ. Ó sọnù? Ṣé ọjà ni wọ́n gbé e lọ tó já bọ́ lọ́wọ́ wọn? Ta ló wá ń wá a kiri? Nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní ìkóríta pàápàá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní “sorry for your loss,” ó fi iṣu kékeré kan tó ti fẹ́ bàjẹ́ ṣe èènì. Láyé àtijọ́, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èyí tó lọ lọ, èyí tó kù kù, èèyàn á mọ ibi tóun dúró sí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn náà níbi tó kù sí, torí kò sẹ́ni tó bi agbè bóyá ó dùn ún.

Ìyá Tọ́lá ló mú ọ̀rọ̀ agbè yẹn wọ ilé wọn ní Queens Village, lókè òkun. Ohun tó fojú rí lẹ́yìn ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ló fà á, ọwọ́ ẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Susan ni wọ́n fi sàmì fún un nílé, l'Abẹ́òkúta. Àmọ́ látìgbà tó ti bí Adétọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó dúró fún un, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Susan mọ́ àfi Sẹ̀kínátù ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí ẹnu tiẹ̀ ò ní ìjánu. Àwọn arúgbó òyìnbó ló ń tọ́jú káàkiri Queens títí orúnkún ẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó wá jókòó sílé ọmọ ẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ gígùn méjì tí wọ́n fi ń hun òwú, ó ń hun. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà. Kò sí ọmọ tí wọ́n sàmì fún ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí kò wọ nǹkan ẹ̀. Òwú onírun àgùntàn gidi ló ń lò o. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá fi òwú oníke wọ̀ láṣọ, ẹkún ẹ̀ á máa dún bíi ti ike.

Èèwọ̀ kan wà tó dì mú. Kì í rán bọ́tìnì mọ́ súwẹ́tà ọmọ títí ọmọ náà á fi dé ilé ayé kó sì ké. Ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kìlọ̀ fún un: aṣọ tó bá ti parí a máa pe ẹni tó máa wọ̀ ọ́, a kì í sì í sáré pe ẹni tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí Adétọ́lá wá lóyún, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run, súwẹ́tà funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú ló hun. Gbogbo ẹ̀ pé, ó ku bọ́tìnì.

“Mọ́mì, bọ́tìnì lásán-làsàn ló ń bà yín lẹ́rù?” Adétọ́lá ló ń ṣe yẹ̀yẹ́ báyẹn. Queens ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀dà títì.

“Bọ́tìnì ò bà mí lẹ́rù. Ìwọ ṣáà bí i ná.”

“Tó bá dé tí òtútù wá mú un ńkọ́?”

“Màá ti rán an kó tó sunkún ẹ̀ẹ̀kejì. Ṣé wọ́n ní ọwọ́ mi ti rọ ni?”

Oṣù kejì ọdún ni ìrọbí mú un, yìnyín ti bo gbogbo mọ́tò àdúgbò mọ́lẹ̀. Olúsànmí ọkọ ẹ̀, tó ń kó ẹrù sínú bàlúù ní JFK, fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé e lọ sọ́sibítù. Ìyá Tọ́lá dúró sílé. Ó gbé omi kaná, ó to bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ kékeré sórí tábìlì, ó jókòó ti fóònù. Nígbà tó máa dún, ohùn Olúsànmí ni, ohùn náà ò le.

“Mọ́mì, ó ti dé o. Àmọ́ kò ké.”

Ìyá Tọ́lá ò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó pa iná tó wà lábẹ́ omi.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìyá kan l'Ẹ̀gbá nígbà tiwọn tí kò ní ṣe é. Abiyamọ ò gbọdọ̀ padà wálé wá bá ẹrù ọmọ tó lọ. Wọ́n á ti kó o kúrò nílẹ̀, wọ́n á ti gbálẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mẹ́nu bà á mọ́. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún òun náà nígbà èwe ẹ̀ nìyẹn. Ó pe Sẹ̀kínátù, ìyẹn wọ bọ́ọ̀sì wá láti Springfield Gardens. Wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì ọmọ palẹ̀, àwọn ará mọ́ṣáláṣí Sẹ̀kínátù wá gbé e. Wọ́n di àwọn aṣọ rírà sínú àpò, wọ́n ní kí wọ́n fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

“Èyí ńkọ́?” Sẹ̀kínátù na súwẹ́tà funfun yẹn sókè.

“Ìyẹn ò ṣeé fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí mo hun ún fún ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ojú ẹ̀.”

“Pa á mọ́ nígbà náà.”

“Kó lè yọjú síta lọ́jọ́ tí n ò sí nílé? Gbé e wá.”

Ó wá ìdí òwú, ó fà á. Súwẹ́tà tó ti gba gbogbo ọwọ́ ẹ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tú kí tíì Sẹ̀kínátù tó tutù. Fìlà tẹ̀ lé e, ìbọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ká gbogbo ẹ̀ bí ọmọ ayò ńlá, ó tì í sẹ́yìn àpò ìrẹsì lábẹ́ síǹkì. Yàrá mọ́ fónífóní. Ó wò ó yíká, ó ní òun ṣe ire.

Adétọ́lá dé, ó di ikùn mú, kò bọ́ kóòtù. Yàrá yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀. Ìyá ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ohun tó ti ń tò jọ látàárọ̀.

“Ọmọ mi, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Má sunkún. Ẹkún máa ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀.”

“Súwẹ́tà ẹ̀ dà?”

“Gbogbo ẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Má wulẹ̀ wò ó.”

“Mọ́mì, súwẹ́tà ẹ̀ dà? Wọ́n ní ká mú aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún un wá. Sátidé la máa sin ín. Mo ti sọ fún wọn pé ìyá mi hun súwẹ́tà sílẹ̀ fún un.”

“Mo ti tú u.”

Adétọ́lá ò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó wo ìyá ẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò tó ṣì ilé wọ̀. “Gbogbo ohun tó ní láyé nìyẹn,” ló wí. “Ẹ sì tú u, bí ẹni pé kò wá rí.” Ó wọ yàrá tiẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá pàdé ní kíṣìnì, ògiri ló ń wò.

Olúsànmí ló wá jẹ́ iṣẹ́ tó kù. Ó fọwọ́ pa orí títí kó tó lè sọ ọ́. “Mọ́mì, ẹ má bínú. Tọ́lá ní tá a bá ti sin ọmọ tán, bóyá kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní ìpínlẹ̀ Maryland fúngbà díẹ̀.”

“Ó lé mi?”

“Kò lé yín, Mọ́mì. Ó ní òun ò lè mí tẹ́ ẹ bá wà ńtòsí ni.”

“Lílé la máa ń pe ìyẹn l'Abẹ́òkúta.”

Sẹ̀kínátù gbọ́, ó gbọ̀nà ọjà Fordham lọ, ó tún já wọlé pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, imú ẹ̀ pọ́n fún òtútù. “Bọ́ọ̀sì ni o, subway ni o, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ó yá, wò ó.” Súwẹ́tà búlúù ni, ẹranko béárì kan ń ṣẹ́jú níwájú ẹ̀.

Ìyá Tọ́lá ra á láàárín ìka. “Ike ni.”

“Susan, ta ló fẹ́ sunkún nínú ẹ̀ tí á dún bí ike?”

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀ kó tó mọ̀. Ìyá Tọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó fa òwú jáde lẹ́yìn àpò ìrẹsì.

“Màá tún un hun.”

“Fún òkú? Susan! Níbo lo ti gbọ́ ọ rí?”

“N ò gbọ́ ọ rí. Di orí òwú yìí mú, kó o sì panu mọ́.”

Òwú tí wọ́n bá tú, bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ló ń rí, gbogbo ẹ̀ á ká kóíkóí. Wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n wé e mọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n fà á sún mọ́ irin tó ń mú ilé gbóná. Ó gbẹ, ó ṣì ká. Kò sáyè láti tún un ṣe. Ọjọ́bọ̀ ti dé.

Ó wá ku ohun kan. Kò rí ọmọ yẹn, kò sì mọ bó ṣe tóbi tó. Ojú oyún lásán ló fi díwọ̀n ti àkọ́kọ́. Olúsànmí ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó pè é.

“Ọkọ mi, báwo ló ṣe gùn tó?”

Olúsànmí wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan nípa ọmọ ẹ̀. Wọ́n ṣáà ń ní kó ṣe bí ọkùnrin. Ó na ọwọ́ òsì, ọwọ́ tó ń gbé àpótí tó wúwo tó àádọ́ta páùn bí ẹni gbé ìwé, ó wá fi ọ̀tún sàmì sí i, díẹ̀díẹ̀, láti àtẹ́lẹwọ́ kọjá ìgúnpá. “Ibí lorí ẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ dé ibí. Apá ẹ̀ gùn, Mọ́mì. Ó nírun.” Kò tètè gbé ọwọ́ náà sílẹ̀.

Ìyá Tọ́lá ní ó ṣeun. Ó tún apá súwẹ́tà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Adétọ́lá wá mu omi ní kíṣìnì. Súwẹ́tà wà lórí tábìlì. Ó dúró. Ó fi ìka kan kàn án.

“Ó ká.”

“Òwú náà ni. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ń rántí, mo ṣe é ṣe é, kò gbàgbé.”

“Bọ́tìnì ẹ̀ ńkọ́?”

Bọ́tìnì wà níbẹ̀ nínú àwo tíì, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ọwọ́ Ìyá Tọ́lá ni kò lọ síbẹ̀.

“Kò ké, Mọ́mì,” ni Adétọ́lá wí. “Gbogbo wọn dákẹ́ nínú yàrá yẹn. Mo ń retí ẹ̀. Mo ń retí ẹ̀ títí…” Ibẹ̀ lohùn ẹ̀ ti ya. Igbe tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ìyá ẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan rí, lọ́jọ́ tó bí i: igbe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde sínú òtútù.

Ẹnu Ìyá Tọ́lá ti là láti ní kó má sunkún. Ó pa á dé. Ó fa àga sún mọ́ ọmọ ẹ̀ títí orúnkún wọn fi kanra, ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó mú bọ́tìnì kan nínú àwo.

“Ọmọ ti ké,” ló wí. Ó ń rán an.

Ó rán èkíní tán, ó ní: “Méjì ló ṣáájú ẹ nínú mi. Ìyá mi ti kó gbogbo nǹkan wọn kúrò nílẹ̀ kí n tó délé. Títí dòní, n ò mọ ẹni tí wọ́n jọ.”

Adétọ́lá nu imú. “Dádì mi ló jọ. Kúnmi lorúkọ ẹ̀.”

“Kúnmi,” ni ìyá ẹ̀ wí, ó sì fi eyín gé òwú náà.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba Maryland, kò sẹ́ni tó ní kó má lọ mọ́. Báàgì tí Ìyá Tọ́lá ti dì ṣì wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, tí Olúsànmí ti gbé súwẹ́tà lọ fún àwọn tó ń tọ́jú òkú tó sì ti padà wá gbé ìyàwó ẹ̀, Ìyá Tọ́lá jókòó sí kíṣìnì, kò wọ bàtà. Ó ti sọ fún Olúsànmí, ó ti sọ fún Sẹ̀kínátù, òbí kì í rí sàréè ọmọ, áńbọ̀sìbọ́sí ìyá àgbà. Ìdí àga yìí lòun máa wà. Òun á ká ìwọ̀nba òwú tó ṣẹ́ kù, òun á po ẹ̀kọ gbígbóná dè wọ́n, torí ẹni tó bá ti irú ibẹ̀ bọ̀ nínú yìnyín yìí, tí kò rí nǹkan gbígbóná fi sẹ́nu, inú ẹ̀ á kàn máa…

“Mọ́mì!” Ẹnu ọ̀nà ni Adétọ́lá ti ń pè é. “Mọ́mì, ẹ máa bọ̀. Ẹ wá dì mí mú.”