Bí Ìyá Mi Ṣe Ná Iṣu Láì Jáde Nílé

Òórùn ọṣẹ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí ẹnìkan bá dárúkọ ìgbà kónílé-ó-gbélé. Ọṣẹ àfọṣọ ni wọ́n pò mọ́ omi inú ike ńlá tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà ọjà wa ní Ṣakí. Ẹni tí kò bá fọwọ́ níbẹ̀ kò ní wọlé, ìbáà jẹ́ ìyàwó lèmọ́mù. Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ fọwọ́ níwájú gbogbo wa, ó sì nu ún sára ìró rẹ̀, kí ó lè hàn pé òfin kò mọ ẹni ńlá.

Òfin pọ̀ ju èrò lọ lọ́jà nígbà náà. Ẹnìkan ṣoṣo ni kí ilé kọ̀ọ̀kan rán wá. Ìbòmú ní láti bo imú àti ẹnu, kì í ṣe àgbọ̀n. Wọ́n ta okùn síwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà á dúró lẹ́yìn okùn, á nàka sí ohun tó fẹ́, olójà á sì bá a ṣà á. Ọjà tí àwọn baba wa ń ná ní ọrọọrún, tó máa ń kún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, di ohun tí à ń sáré ná bí ẹni tó fẹ́ jalè, nítorí kí oòrùn tó mú, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Bí a bá sì pàdé ará ilé ẹni, a kò gbọdọ̀ dúró kí i ju “ẹ kú àárọ̀” lọ, ní ìlú tí a ti máa ń béèrè ọkọ, aya, ọmọ, ewúrẹ́ àti oko kí ọ̀rọ̀ tó kan ohun tí a bá wá.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé kan ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé, mo wọkọ̀ wá sí Ṣakí láti wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, wọ́n sì ti ọ̀nà mọ́ mi síbẹ̀. N kò bínú sí i. Èrò mi ni pé èmi ni Ọlọ́run rán wá láti tọ́jú ìyá arúgbó, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Ẹni tó bá mọ ìyá mi ni yóò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù ti máa bà mí.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú, òtútù àyà dá a gúnlẹ̀ débi pé à ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti ìta. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé bí àrùn tuntun yìí bá wọ inú àyà yẹn, a ó sin ín ni. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ìyá mi má ṣe dé ọjà. Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí mò ń wí yìí kò pa ọjọ́ ọjà kan jẹ rí bí ara rẹ̀ bá ti le. Bí kò bá ní ohun tí yóò rà, á lọ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń tà á. Dúnàádúrà ni eré rẹ̀. Ó lè ná ata títí tí aláta á fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣáà máa gbé e lọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní ti iṣẹ́ ọjà, n kò mọ ti ẹrú, n kò mọ ti ọmọ. Gàrí ni ó kọ́kọ́ ní kí n rà. Ta ni kò mọ bí a ti ń ra gàrí? A ó bu díẹ̀ jù sẹ́nu, a ó mọ̀ bóyá ó kan, a ó mọ̀ bóyá iyanrìn wà nínú rẹ̀. Mo na ọwọ́, obìnrin onígàrí fi abẹ̀bẹ̀ lù ú padà.

“Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọn yóò ti ìsọ̀ mi.”

“Ẹ bu díẹ̀ fún mi kí n tọ́ ọ wò.”

“Ibo lẹ fẹ́ gbà tọ́ ọ wò? Inú aṣọ tó wà lẹ́nu yín yẹn?”

Mo rà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, ìyá mi fi ìka méjì bù ú sẹ́nu, ó sì tu ú sójú fèrèsé. Ó ní kí n tọ́jú ìyókù, pé bí a bá fẹ́ rẹ́ ilé, a kò ní ra iyanrìn mọ́.

Ti iṣu ló burú jù. Ìparí ẹ̀rùn ni, iṣu inú àká ti ń hù, ẹni tó bá fẹ́ ra iṣu gidi ní láti gbé e lọ́wọ́, kí ó kàn án lórí, kí ó tẹ ìdí rẹ̀ wò. Èmi rèé lẹ́yìn okùn. Oníṣu ń ṣà á fún mi, ó ń fi ojú rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìlàjì ojú ni mo rí. Nígbà tí ìyá mi bẹ iṣu náà, ó dúdú láti orí dé ìdí.

“Eélòó lo rà á?”

Mo sọ fún un.

“Eélòó ló kọ́kọ́ pè é?”

“Iye yẹn náà ni, Ìyá.”

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. “O ò ná an?”

“Wọn kì í jẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ọjà ń lé wa.”

Ó wo iṣu náà, ó wò mí. “Ó dáa. Ọjà tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni mò ń lọ.”

Mo mọ̀ pé kò fi ṣeré. Ní ọjọ́ kejì, mo rí ìbòmú tí ó fi àjákù àǹkárá rán, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a sórí okùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹni tó mọ ọjà ná kò gbọdọ̀ jáde, ẹni tó lè jáde kò mọ ọjà ná. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ohun tí mo sì ń gbé wá kò ṣeé fi ṣínu. Á jẹ òkèlè díẹ̀, á ti àwo sí ẹ̀gbẹ́. Ní gbogbo ọ̀sán, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dojú kọ títì tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Mo rò pé oúnjẹ ló ń dùn ún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọjọ́ ọjà kan sí i.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ náà, mo gba ọ̀nà Òfíkì lọ. Èrò mi ni pé n ó pàdé àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ kí ó tó dé ibi okùn. N kò pàdé ẹnikẹ́ni. Níbi tí ilé ti tán, lábẹ́ igi mángòrò kan, mo rí iṣu tí wọ́n pàtẹ sórí ewé. Igbá fífọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí olójà.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí wọ́n ṣe ń tajà lójú ọ̀nà oko nìyẹn láyé àtijọ́. Àgbẹ̀ á pàtẹ, á to òkúta iye tí ó fẹ́ tà á, á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rà á á fi owó sílẹ̀. Mo rò pé àṣà náà ti kú. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá ló sọ fún mi pé òkúta kan dúró fún ọgọ́rùn-ún náírà, pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí òun ti ń rí i. Mo gbé iṣu kọ̀ọ̀kan, mo kàn án, mo tẹ ìdí rẹ̀, kò sí ẹni tó fi abẹ̀bẹ̀ lù mí. Mo fi owó tó pé sínú igbá, mo sì gbé iṣu lọ sílé bí akọni.

Nígbà tí ìyá mi bẹ ẹ́, ó funfun báláú. Ó jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè bí mo ṣe ná an.

“Òkúta ni, Ìyá. Kò sí ènìyàn níbẹ̀.”

“Ṣé òkúta kò ṣeé ná ni?”

Ó wá kọ́ mi. Ó ní kí n mú òkúta kan kúrò, kí n yọ owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má ṣe sọ ọ́ nù. Kí n gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igbá níbi tí olójà á ti rí i, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe olè. Bí olójà kò bá fẹ́, òun náà á fèsì. Mo rò pé orí ìyá mi ti ń dàrú nítorí àìjáde, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ó ti wí.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, èsì ti wà nílẹ̀. Òkúta tí mo mú kúrò ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ igbá. Olójà sì ti yọ iṣu tó tóbi jù kúrò láàárín àwọn yòókù, ó gbé e ti òkúta náà. Ẹni tó bá yọ òkúta, kí ó fi iṣu ńlá sílẹ̀. Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ìlú, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ó wá di pé a kì í sọ̀rọ̀ mìíràn nínú ilé. Láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì, ó ń gbèrò. Ó ní obìnrin ni olójà náà, opó ni, ó sì láhun díẹ̀. Ó rán mi pé kí n gbé iṣu ńlá, kí n fi kékeré dípò rẹ̀. Olójà fèsì: ó fi òkúta kan kún un. Ìyá mi ní kí n fọ́ òkúta náà sí méjì, kí n san ìdajì, kí n gbé ìdajì kejì sí ẹ̀gbẹ́. Èmi tí mo kàwé gboyè, mo lóṣòó sẹ́bàá ọ̀nà Òfíkì pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, mò ń fọ́ òkúta. Nígbà tí mo padà lọ, ààbọ̀ òkúta wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Olójà ti gbà. Inú ìyá mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ìbòmú rẹ̀ wà nínú àpótí, kò dárúkọ ọjà mọ́.

Ààwẹ̀ kù díẹ̀ kí ó parí nígbà tí mo débẹ̀ tí mo rí iṣu láìrí òkúta kankan. Mo dúró, mo wò yíká, n kò mọ ohun tí n ó san. Mo padà sílé láì ra nǹkan. Ìyá mi gbọ́ ọ, ó dìde.

“Mo ti ná an jù. Ó ti bínú.”

Ó wé gèlè, ó mú ìbòmú. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo rán an létí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ.

“Mi ò sọ pé ọjà ni mò ń lọ. Ẹ̀bá ọ̀nà ni. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.”

A rìn díẹ̀, a sinmi díẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, bàbá arúgbó kan jókòó sórí gẹdú ní òdìkejì ọ̀nà, ó fi àkísà síńgílẹ́ẹ̀tì bo imú. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wá. Ìyá mi dúró sí ìhà tiwa, ọ̀nà wà láàárín wọn.

“Ẹ kú ìrìn o,” ni bàbá náà wí. “Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń kó òkúta mi?”

“Èmi ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń yọ iṣu ńlá?”

“Èmi ni.” Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ hàn pé kò sí ewu, èéfín ni. “Àwọn ọmọ mi ní n kò gbọdọ̀ dé ọjà, pé àgbà ni àrùn yìí ń wá. Mo ní kí n máa pàtẹ síbí. N kò to òkúta lónìí, mo fẹ́ rí ẹni tó fọ́ òkúta sí méjì.”

“Eélòó ni tòní?”

Ó pe iye kan. Ó wọ́n. Mo jókòó sórí gbòǹgbò mángòrò, nítorí mo mọ̀ pé a ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó náà pé, ó fi sínú igbá, ó sì ní kí n kó iṣu.

Bàbá náà dìde dúró. “Ẹ ò ní ná an?”

“Rárá o. Ẹ ṣeun gan-an.”

Bàbá náà dúró títí a fi sún kúrò níbi iṣu, ó wá sọdá, ó gbé iṣu kan láti inú àpò rẹ̀ lé ibi tí a ti kó tiwa, ó ní èènì ni. Lójú ọ̀nà ilé, mo bi ìyá mi léèrè ohun tó ṣe é tí kò fi ná an.

“Ṣé nítorí owó lo rò pé mo ṣe ń ná an?” Ó dúró kí ó lè mí. “Ìdákẹ́jẹ́ ilé yẹn ì bá ti pa mí kí kòrónà tó dé. Bàbá yẹn ló ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí inú ilé kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Iṣu ni mò ń wá fún un ní gbogbo ìgbà yẹn.

Wọ́n ṣí ọjà, mo padà sí Ìsẹ́yìn. Ìyá mi padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi dúnàádúrà da aláta láàmú fún ọdún mélòó kan sí i. Ọjọ́ ogbó ló mú un lọ níkẹyìn, lórí ibùsùn rẹ̀. Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bàbá kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú iṣu, ó jókòó sẹ́yìn àwọn ààfáà, ó ń ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò sí nílé nígbà kónílé-ó-gbélé, lọ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ẹbí wa ni. Bàbá náà ní rárá, òun kò tilẹ̀ mọ orúkọ ìyá wa. Ó ní àwọn jọ nájà ni.