Ìkòkò Tí Wọ́n Fi Wàrà Wẹ̀

Ní ẹbu Dáda ní Òkèlélé, níbi tí àwọn obìnrin Ìlọrin ti ń mọ ìkòkò, Ìyá Èéṣe ni wọ́n ń pe Màsúdát. Orúkọ náà kì í bí i nínú. Láti kékeré tó ti ń bá ìyá rẹ̀ po amọ̀ ló ti máa ń bèèrè ọ̀rọ̀. Èéṣe tí amọ̀ ibí fi pupa, tí ti ọ̀hún fi dúdú? Èéṣe tí a fi ń da omi èèpo èso igi irú sórí ìkòkò nígbà tó ṣì gbóná? Ìyá rẹ̀ a ní, "Bí a ṣe bá a nìyẹn." Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rí.

Nígbà tí Munirah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Scotland, bí àkọ́bí, Màsúdát lọ bá a tọ́jú ọmọ. Munirah kì í gbé ìlú ńlá. Erékùṣù kan ló wà, Lewis lorúkọ rẹ̀, lókè lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ tán. Lẹ́yìn ọkọ̀ òfuurufú, Màsúdát tún wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé e sókè, tó ń jù ú sílẹ̀, títí gbogbo súrà tó mọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Naeem, ọkọ Munirah, ló wá pàdé rẹ̀ ní èbúté. Bí wọ́n ti ń lọ nínú mọ́tò, Màsúdát ń wo ìta. Koríko, òkúta, omi, àgùntàn. Kò rí nǹkan mìíràn.

"Naeem, igi dà?"

"Igi ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbí, Ìyá. Atẹ́gùn ò jẹ́ kó dàgbà."

"Kí ni wọ́n wá fi ń dáná látijọ́?"

Naeem rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ibì kan tí wọ́n ti gé ilẹ̀ dúdú bí ẹni gé búrẹ́dì. "Ilẹ̀ yẹn náà ni. Wọ́n á gé e, wọ́n á sá a. Tó bá ti gbẹ, wọ́n á kó o sínú ààrò. Àwọn kan ṣì ń fi dáná títí di òní."

Màsúdát yí ara padà pátápátá lórí ìjókòó. "Sùbùhánà-Lláhì! Ilẹ̀ ni wọ́n ń dáná sun?"

Kò tíì pẹ́ tó dé tí aládùúgbò wọn kan wá kí ọmọ. Pégì lorúkọ rẹ̀, opó ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti ewúrẹ́. Ó fi owó fàdákà kan sí àtẹ́lẹwọ́ Habeebah, ìkókó náà, ó wá ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì Màsúdát kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé èyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

"Munirah, èdè wo nìyẹn?"

"Gélíìkì ni, Ìyá. Èdè àwọn ará ibí nìyẹn."

"Ṣé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo òyìnbó ibí ń sọ ni?"

Munirah túmọ̀ rẹ̀. Pégì rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wọ ilé ìwé, òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Òun fi èdè ìyá òun tọrọ omi, tíṣà sì fi bẹ́líìtì na òun lọ́wọ́.

Màsúdát pàtẹ́wọ́. "Sọ fún un pé àwa náà jẹ ẹgba yẹn! Wọ́n ní a sọ fànákúlà, èdè ìyá wa!"

Àtọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Munirah ni ògbufọ̀ wọn. Tí Munirah bá sì ń fún ọmọ lọ́mú, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Naeem kó gbogbo wọn àti Pégì lọ wo àwọn òkúta àtayébáyé tí erékùṣù náà fi lókìkí. Wọ́n ga, wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n nàró lórí òkè bí àgbààgbà tó dìde kí àlejò. Màsúdát fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó tutù rinrin.

"Ta ló rì wọ́n mọ́lẹ̀?"

Pégì ní kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Kí ni wọ́n wá ń fi wọ́n ṣe?"

Pégì ní àwọn kan ní òṣùpá ni wọ́n fi ń wò, àwọn kan ní ibi ìsìnkú ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú.

Màsúdát mi orí. Ó ní Ìlọrin náà ní òkúta tirẹ̀, èyí tí wọ́n ní ọdẹ kan máa ń lọ irin lórí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti wá. "Àwa ṣì ń pìtàn tiwa. Kí èèyàn gbé irú ẹrù yìí gun òkè, kó má sì sọ ìdí rẹ̀ fọ́mọ!" Ó dùn ún bí ẹni pé ará ilé rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Òjò lé wọn wọ ilé kékeré kan létí ọ̀nà, níbi tí wọ́n kó àwọn ohun àtijọ́ sí. Nínú àpótí onígíláàsì kan, ìkòkò kan wà níbẹ̀, dúdú, ìdí rẹ̀ rí roboto, ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Màsúdát bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì.

"Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ èyí. Munirah, wá wò ó, ojú àtàǹpàkò rèé!"

Pégì ní òótọ́ ni. Àwọn obìnrin erékùṣù náà ló ń mọ wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ń tọ́jú wàrà màlúù. Ìyá àgbà òun ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo olówó pọ́ọ́kú dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pa á tì. Òun rántí ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sun ún ni òun ò mọ̀.

"Tó bá ti mọ ibi amọ̀," ni Màsúdát wí, "ẹ jẹ́ ká lọ wa á."

"Ìyá, ọmọ lẹ wá tọ́jú o," ni Munirah wí.

"Ọmọ ń sùn."

Pégì mú un lọ sí etí odò kan lẹ́yìn abúlé, àwọn méjèèjì wọ bàtà òjò. Amọ̀ aláwọ̀ eérú ni, ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Màsúdát ṣa òkúta rẹ̀, ó pò ó, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́ ńlá kan tó dojú rẹ̀ délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ amọ̀ mọ́ ìdí ògbólógbòó ìkòkò ní Òkèlélé. Lẹ́yìn náà ó ń fẹ̀yìn rìn yí i ká, ó ń fa ẹnu rẹ̀ yọ. Pégì jókòó tì í, ó ń kọ orin tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń kọ látijọ́ tí wọ́n bá ń lu aṣọ onírun àgùntàn kó lè ki. Ó ń fi ọwọ́ lu tábìlì, Màsúdát náà sì ń gbe orin tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Nígbà tó funfun lára, Màsúdát ní ó ti gbẹ. Oòrùn yọ lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí wọ́n sun ún, ṣùgbọ́n Pégì kọ̀. "Kì í ṣe lónìí. Ọjọ́ Ọlọ́run ni." Lábúlé náà, ẹnikẹ́ni kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọn kì í tilẹ̀ sá aṣọ. Màsúdát kò jiyàn. Ọmọ àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin ni, ó mọ ohun tí Jímọ̀ jẹ́. Ó pọn Habeebah, ó lọ dúró létí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ju ìlà orin kan sílẹ̀, ìjọ sì gbé e, wọ́n fà á gùn, ohùn ń gun ohùn bí ìgbì òkun. Ó rò ó pé bí kì í bá ṣe èdè wọn, òun ì bá ní àwọn ọmọ kéwú ló ń ka wàláà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n dáná ilẹ̀ dúdú yẹn lẹ́yìnkùlé Pégì. Iná náà ò tíì mú dáadáa tí ìkòkò fi bú bí ìbọn. Àwọn àgùntàn sá.

Ìkòkò tí Màsúdát ti sun láyé rẹ̀ kò lóǹkà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú àpáàdì kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Àárín rẹ̀ ṣì dúdú.

"Inú rẹ̀ ò gbẹ. Oòrùn Ìlọrin ni mo gbójú lé." Ó na ọwọ́ sí iná náà. "Iná koríko tiwa máa ń gbéra ni, á sì wálẹ̀. Èyí kàn ń mú sí i ni. Munirah, sọ fún un pé mi ò mọ iná yìí."

Pégì ronú díẹ̀, ó wọlé, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé abúlé kejì lórí fóònù. Wọ́n sọ Gélíìkì títí. Màsúdát jókòó, ó ń ka ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú náà rẹ̀wẹ̀sì, ó là, Pégì sì fọwọ́ gbá itan.

"Ó ní inú ni!" Munirah túmọ̀. "Ẹ̀yinná ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó sínú ìkòkò, kí inú rẹ̀ gbẹ kí iná tó kan ìta. Tó bá wá jiná tán, tó ṣì gbóná, wọ́n á da wàrà lé e."

"Wàrà?" Màsúdát dìde. "Wàrà tí a ń mu?"

Wọ́n mọ mẹ́ta kéékèèké, wọ́n kó ẹ̀yinná sínú wọn, wọ́n sì sun wọ́n. Ọ̀kan bú, ọ̀kan sán lẹ́nu. Ẹ̀kẹta jáde láyọ̀. Pégì da wàrà náà lé e. Ó hó yàà, èéfín gba ojú wọn, òórùn bíi ti wàrà tó jó sínú ìkòkò sì gba ibẹ̀. Nígbà tí èéfín ká kúrò, ara ìkòkò ti pọ́n bí àwọ̀ obì, ó ń dán.

"Ihò ara rẹ̀ ni wọ́n ń dí!" Màsúdát kígbe. "Iṣẹ́ tí omi èèpo irú ń ṣe nìyí! Àwa ní igi, wọ́n ní màlúù!" Ó dì mọ́ Pégì, ó sì fi eérú pa á láṣọ.

Wọ́n bu omi sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwo tí wọ́n gbé e lé ti ní omi díẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú ìkòkò ò lọ tán. Pégì gbé e sójú fèrèsé rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mìíràn fọ̀ ọ́.

Nígbà tí Habeebah mọ ìjókòó, Màsúdát padà sílé. Ó ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, ó dà á lé ìkòkò gbígbóná ní ẹbu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo pé ó ń fi oúnjẹ ṣòfò. Ìkòkò náà ṣe tótòtó, kò dán bíi ti ọ̀hún. Wọ́n jiyàn lé e lórí títí di ọjọ́ kejì: àwọn kan ní omi ti pọ̀ jù nínú wàrà náà, àwọn kan ní amọ̀ ló kọ̀ ọ́. Títí di báyìí wọn ò tíì fẹnu kò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Munirah pè é lórí fídíò látọ̀dọ̀ Pégì. Pégì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síwájú ààrò, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Ìkòkò méjì ti bú mọ́ wọn lọ́wọ́. Màsúdát ní kí Munirah gbé fóònù súnmọ́ àpáàdì náà dáadáa, kí òun rí inú rẹ̀.