Irin agboòrùn nínú kọ̀ǹpútà mi

Ẹ gbà mí, àṣírí mi tú lónìí!

Mo ṣí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo rà láyé ìjọba ológun, kí n nu eruku inú rẹ̀. Nígbà yẹn tí ìlú le, ìkọ́ tó ń di fáànù rẹ̀ mú kán, kò sì sí òmíràn lọ́jà. Mo bá yọ irin méjì lára agboòrùn ìyàwó mi, mo fi há a. Mo sọ fún un pé ìjì ló ba agboòrùn náà jẹ́. Òjò sì ń pa tíṣà ẹni ẹlẹ́ni bó ṣe ń lọ sí iléèwé rẹ̀ ní ìlú Ara.

Àṣé òwú pupa agboòrùn ṣì wà lára irin!

Ìyàwó mi tó dúró lẹ́yìn mi wò ó títí. "Bàbá Bọ́lá, ìjì ọjọ́sí ló wọnú kọ̀ǹpútà yín?"

Òjò ti ṣú báyìí. Ó ní kí n lọ ra búrẹ́dì, ó sì ti gbé agboòrùn pamọ́.

Ta ló máa bá mi bẹ̀ ẹ́?